Igbó ọba Ọ̀yọ́-Ilé láti Ìlọrin: bí ẹ ṣe máa mú oṣù tó bá ohun tí ẹ fẹ́ rí mu

Ohun tó ń ba ìrìn àjò sínú igbó ọba jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe owó, kì í sì í ṣe ọ̀nà. Oṣù ni. Ẹni tó bá lọ ní oṣù kẹsàn-án torí pé àwọn ọmọ wà ní ìsinmi, tó sì fẹ́ rí ẹran, koríko tó ga ju orí ọkọ̀ lọ ni yóò rí. Ẹran wà nínú koríko yẹn o, ó lè má ju ogún mítà lọ sí ibi tí ẹ dúró sí, àmọ́ ẹ ò ní rí i. Ẹni tó bá sì lọ ní oṣù kẹta torí pé ó fẹ́ wo odò tó kún dé ẹnu, iyanrìn gbígbẹ àti adágún kéékèèké ni yóò bá níbẹ̀. Igbó kan náà ni, ẹ̀ṣọ́ kan náà ló ń ṣọ́ ọ. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ rí, lẹ́yìn náà kí ẹ tó dá ọjọ́.

Ẹni tó máa gbéra láti Ìlọrin, Ọ̀fà, Òmù-Àrán, Àjàṣẹ́-Ìpo àti àgbègbè wọn la kọ èyí fún. Igbó tí a ń sọ ni èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń pè ní Old Oyo National Park. Ó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóòró. Láti 1936 ni ìjọba ti ya apá odò Ògùn sọ́tọ̀, ọdún 1991 ló sì di igbó ọba ti ìjọba àpapọ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló wà, ṣùgbọ́n ó kan ilẹ̀ Kwara. Ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà ní apá àríwá-ìlà-oòrùn rẹ̀, Ìgbẹ́tì lẹ sì ń gbà dé ibẹ̀. Apá Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí àti Tede wà ní ìwọ̀-oòrùn, ìdídò (dáàmù) Ìkéré sì wà ní ìsàlẹ̀ gúúsù. Ọ́fíìsì àgbà wọn wà nínú ìlú Ọ̀yọ́.

Ààbò ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè

Ẹ má fi èyí ṣeré. Láti ọdún mélòó kan ni àwọn agbébọn ti ń fi igbó ńláńlá ṣe ibùba ní àríwá Kwara àti ní ẹ̀gbẹ́ Kainji, àwọn ajínigbé náà sì ti yọ àwọn ará gúúsù Kwara lẹ́nu. Torí náà a kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó lọ sí Kainji Lake National Park lásìkò yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fẹ̀ ju ti Ọ̀yọ́ lọ ní ìlọ́po méjì (5,340 kìlómítà níbùú lóòró), tí odò Oli rẹ̀ sì dára gan-an fún wíwo erinmi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó di ìgbà tí ilẹ̀ bá tòrò.

Ti Ọ̀yọ́ náà, ẹ ṣe é báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ kàn sí ọ́fíìsì àgbà wọn ní Ọ̀yọ́. Ẹ má kàn béèrè pé "ṣé ẹ ṣí?" Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: apá wo ni ẹ ń gba àlejò sí lọ́wọ́lọ́wọ́, ọ̀nà wo ni ọkọ̀ lè gbà lóṣù yìí, àti pé ẹ̀ṣọ́ mélòó ló máa bá wa rìn? Tí wọ́n bá ní apá kan wà ní títì, títì ni. Ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹ tún pè wọ́n. Lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ máa gbéra, ẹ bá ẹni tó ń gbé Ìgbẹ́tì tàbí Kìṣí sọ̀rọ̀, kó sọ bí ọ̀nà ṣe rí fún yín. Bí ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò bá ṣọ̀kan, ẹ sún ọjọ́ síwájú.

Ẹ má wọ inú igbó láìsí ẹ̀ṣọ́, kódà bí ọdẹ kan ní abúlé bá ní òun mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ẹni tí ẹ̀ṣọ́ bá rí nínú igbó ọba láìní ìwé àṣẹ, apẹran ni wọ́n máa kà á sí. Ìrìn alẹ́ kò sí nínú ètò yìí rárá. Ẹ rí i pé ẹ ti jókòó síbi tí ẹ máa sùn kí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó lù.

Ọyẹ́: ìparí oṣù kọkànlá dé oṣù kìn-ín-ní

Òjò àrọ̀kúrò ti lọ, koríko bẹẹrẹ ti gbẹ, àwọn òṣìṣẹ́ igbó sì máa ń dáná sun apá kan ní kùtùkùtù ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ má rò pé ìjàǹbá ni. Iná tí wọ́n bá tètè dá nígbà tí ọ̀rinrin ṣì wà nílẹ̀ kì í gbóná jù. Koríko nìkan ló ń jó, igi kì í kú. Bí wọn ò bá sun ún, iná àwọn apẹran tàbí darandaran máa wọ̀ ọ́ ní oṣù kejì tàbí ìkẹta, nígbà tí gbogbo nǹkan ti gbẹ tán, ìyẹn ló ń pa àwọn ọ̀dọ́ igi.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni ohun tó ń tẹ̀lé iná yìí. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ewé tuntun á hù láti ìdí koríko tó jó, tútù yọ̀yọ̀ lórí ilẹ̀ dúdú. Òtòlò, ìgalà àti ìmàdò á wá jẹ ẹ́. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń pe ọ́fíìsì, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti sun láti ogúnjọ́ sẹ́yìn, kí ẹ sì ní kí wọ́n mú yín lọ síbẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo yìí wúlò ju bainọ́kúlà olówó ńlá lọ. Níbẹ̀ lẹ ti máa rí bí ìmàdò ṣe ń jẹun: á kúnlẹ̀ lórí orúnkún iwájú méjèèjì, á gbé ìdí sókè, á sì máa fi imú túlẹ̀ bó ṣe ń wọ́ síwájú. Bó bá sá, ìrù rẹ̀ á dúró ṣánṣán sókè. Ẹ wo ojú ọ̀run náà: níbi tí iná bá ti ń jó lọ́wọ́, àwòdì á máa yí lórí èéfín, wọ́n ń gbé tata tó ń sá jáde.

Wàhálà ọyẹ́ ni kùrukùru eruku. Láàárọ̀, ẹ lè má rí ohun tó jìnnà tó kìlómítà kan. Ẹ má retí àwòrán òkè tó mọ́ kedere lóṣù kìn-ín-ní. Ẹ dúró dé òjò fún ìyẹn. Eruku yìí tún máa ń wọ fóònù àti kámẹ́rà. Ẹ kó wọn sínú ọ̀rá tó ṣe é dì, ẹ má sì fi aṣọ gbígbẹ nu ojú kámẹ́rà, torí yanrìn wẹ́wẹ́ inú eruku á ha á. Ẹ kọ́kọ́ fẹ́ eruku náà dànù.

Otútù òwúrọ̀ máa ń ya àlejò lẹ́nu. Ẹ mú súwẹ́tà dání, ẹ ra òrí dání fún ètè àti gìgísẹ̀. Òrí ojúlówó tí wọ́n ń tà lọ́jà Ìlọrin tó.

Ẹ̀ẹ̀rùn gbígbóná: oṣù kejì dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin

Ẹran lẹ fẹ́ rí? Àsìkò yìí ni kí ẹ lọ. Ilẹ̀ ti mọ́, ewé ti rẹ̀, odò Ògùn àti àwọn tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀ ti gé sí adágún adágún. Nínú oṣù mẹ́fà tí omi wà káàkiri, ẹran lè mu omi níbikíbi. Ní báyìí, àwọn adágún yìí nìkan ló kù fún un. Ẹ ò ní wá ẹran kiri mọ́. Ẹ máa jókòó dè é.

Bí ẹ ṣe máa jókòó dè é nìyí.

Ẹ tètè dé. Lóṣù kìn-ín-ní àti ìkejì, nǹkan bí agogo méje ni oòrùn ń yọ lápá ọ̀dọ̀ wa (lóṣù kẹfà, ó ń yọ ní nǹkan bí ìdajì wákàtí ṣáájú ìyẹn). Ẹ ti gbọ́dọ̀ jókòó ní agogo mẹ́fà ààbọ̀, nígbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là. Ẹran á máa wá títí di nǹkan bí mẹ́sàn-án ààbọ̀. Láti mẹ́wàá dé mẹ́rin ọ̀sán, abẹ́ ibòji ni gbogbo wọn wà, ẹ̀yin náà ẹ lọ sábẹ́ ibòji. Ẹ padà ní agogo mẹ́rin ààbọ̀, kí ẹ sì tètè kúrò kí agogo mẹ́fà lè bá yín níbi tí ẹ máa sùn.

Ẹ mọ apá tí afẹ́fẹ́ ti ń wá. Ibí yìí lọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Nígbà ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn, àríwá-ìlà-oòrùn ni afẹ́fẹ́ gbígbẹ ti ń fẹ́ wá. Ẹ jókòó sí apá gúúsù-ìwọ̀-oòrùn adágún, kí afẹ́fẹ́ máa ti ọ̀dọ̀ ẹran bọ̀ sọ́dọ̀ yín. Nígbà òjò, ó yí padà: gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ òkun ti ń wá, ẹ jókòó sí òdìkejì. Lápá ìparí oṣù kẹta, ó lè yí nígbà méjì lọ́jọ́ kan. Ẹ bu eruku díẹ̀ sọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó máa dà sílẹ̀ láti ibi gíga àyà, kí ẹ wo ibi tó yà sí. Ẹ tún un ṣe ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Òórùn ènìyàn ló ń lé òtòlò ju ìrísí rẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ má fín lọ́fínńdà, ẹ má sì fi ọṣẹ olóòórùn wẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Bó bá jẹ́ inú ọkọ̀ lẹ wà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ pa rédíò, ẹ má ṣí ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ tó dákẹ́ kì í dẹ́rù ba ẹran bí ènìyàn tó dìde. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ lẹ jókòó sí, ẹ fi ẹ̀yìn ti igi tàbí àpáta kí òjìji yín má bàa yọ. Ẹ má nàka. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí nǹkan, kó fi ẹnu júwe: "lápá òsì oṣè yẹn, nísàlẹ̀." Ẹ fún ìjókòó kan ní wákàtí kan ààbọ̀ ó kéré tán. Ẹ má ka ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ mọ́ ọn, torí ariwo dídé yín ló ṣì wà nílẹ̀.

Bí ẹran ò bá wá, ẹ ka ilẹ̀. Ẹrẹ̀ etí adágún ń gba ẹsẹ̀ bí ìwé ṣe ń gba òǹtẹ̀. Pátákò òtòlò àti ìgalà la sí méjì, ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó síwájú, ibi tó dojú kọ nìyẹn. Ti ẹfọ̀n fẹ̀, ó sì ṣe róbótó. Ti ọ̀bọ ní ìka márùn-ún, ó sì jọ ọwọ́ ọmọdé débi pé ẹ máa kọ́kọ́ wò yíká bóyá ọmọ kan wà nítòsí. Bí etí ẹsẹ̀ bá ṣì mú, tí omi ṣì ń sun sínú rẹ̀, ẹran náà ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni. Bí etí rẹ̀ bá ti wó, tí ewé gbígbẹ ti já sínú rẹ̀, ti àná tàbí ìjẹta ni. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, ẹsẹ̀ kí lèyí?" Wọ́n mọ̀ ọ́n, inú wọn sì máa ń dùn tí èèyàn bá béèrè.

Ẹ má wọ adágún yẹn o, bó ti wù kí ooru mú tó. Omi tó dúró sójú kan tí ìgbín omi wà nínú rẹ̀ lè kó àtọ̀sí ajá ran èèyàn, ọ̀nì sì lè wà nínú rẹ̀. Omi mímu yín, ẹ gbé e láti ilé: lítà márùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́ fún mímu nìkan, kí ẹ sì fi ti ọjọ́ kan kún un ní ìpamọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bẹ̀rẹ̀ sí í ní orí fífọ́, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí kò sì tọ̀ láti àárọ̀, omi ara rẹ̀ ló ń tán. Ẹ gbé e sábẹ́ ibòji, ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, ṣíbí tí ẹ gé orí rẹ̀ dọ́gba, sínú lítà omi mímọ́ kan, kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá sàn láàárín wákàtí kan, tàbí tó bá ń sọ̀sọkúsọ, ilé ìwòsàn ni.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwa tó ń gbààwẹ̀. Rámàdáànì ti bọ́ sínú ẹ̀ẹ̀rùn gbígbóná báyìí. Ní 2027, oṣù kejì ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ má darí ìrìn igbó sínú ààwẹ̀. Ẹ lọ nínú ọyẹ́, tàbí kí ẹ dúró dé ẹ̀yìn ọdún.

Ọ̀yọ́-Ilé fúnra rẹ̀, àsìkò yìí náà ló ń ṣí ojú sílẹ̀. Ìlú yìí tú ní nǹkan bí 1835 sí 1837, ogun Ìlọrin sì wà lára ohun tó tú u, nítorí náà ìtàn tiwa náà ló wà nílẹ̀ níbẹ̀. Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ọmọ Scotland, dé ìlú náà nígbà tó ṣì ń tò, nínú ọyẹ́ oṣù kìn-ín-ní 1826. Bí koríko bá ti jó tán, ẹ máa rí ìyókù odi ìlú bó ṣe ga díẹ̀ lórí ilẹ̀, àfọ́kù ìkòkò, àti kòtò róbótó lára àpáta níbi tí àwọn obìnrin ti lọ nǹkan. Ibi tí oṣè ńlá bá pọ̀ sí, ẹ wòye dáadáa, àmì ibùgbé àtijọ́ ni igi náà sábà máa ń jẹ́. Ẹ wò, ẹ ya àwòrán, ẹ má mú ohunkóhun, àní àfọ́kù kan. Ibi tí àfọ́kù wà gan-an ló ń sọ ìtàn fún àwọn awalẹ̀pìtàn. Bó bá ti kúrò níbẹ̀, ó ti yadi.

Òjò àkọ́rọ̀: ìdajì oṣù kẹrin dé oṣù kẹfà

Àsìkò tí àwọn èèyàn fojú fò nìyí, ó sì dáa. Òjò méjì mẹ́ta ti fọ eruku kúrò lójú ọ̀run, ewé tuntun ti bo igi, koríko ò tíì ju orúnkún lọ. Ojú ọ̀run mọ́ fún àwòrán. Igi ẹ̀mí ń so láti oṣù karùn-ún, ọ̀bọ àti ìjímèrè sì máa ń wá ṣa èso rẹ̀ tó já sílẹ̀. Ẹ ṣọ́ ìdí igi náà láàárọ̀. Ẹran ti ń tú ká kúrò létí adágún, ẹ ò ní rí wọn tó ti oṣù kẹta. Ní àwọn ọdún yìí, Iléyá ń bọ́ sí oṣù karùn-ún, nítorí náà ọ̀pọ̀ ìdílé lè ráyè lọ nígbà náà.

Ohun tó léwu ni ìjì ọ̀sán. Láti ìlà-oòrùn ló ti ń wá, ojú ọ̀run á dúdú bí ìdí ìkòkò láàárín ogún ìṣẹ́jú, atẹ́gùn á ṣáájú òjò. Ẹ rìn láàárọ̀, kí ẹ padà ní agogo méjì ọ̀sán. Bí ó bá ká yín mọ́ ìta, inú ọkọ̀ ni kí ẹ wọ̀. Bí ọkọ̀ ò bá sí nítòsí, ẹ má sá sábẹ́ igi tó dá dúró, ẹ má sì dúró lórí àpáta; ẹ wá ibi tó rẹlẹ̀ tí omi kì í gbà, kí ẹ lóṣòó.

Òjò ńlá: oṣù keje dé oṣù kẹwàá

Kí a sọ òótọ́: ẹ má lọ wo ẹran lásìkò yìí. Bẹẹrẹ àti eèsún ti ga ju mítà méjì lọ, àwọn ipa ọ̀nà inú igbó ti di ẹrẹ̀, omi ti gba orí afárá kéékèèké. Òjò máa ń dá díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ìyẹn ò sì túmọ̀ sí pé ilẹ̀ ti gbẹ.

Omi ni kí ẹ lọ wò dípò ẹran, ìyẹn ò sì jìnnà sí ilé. Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ omi Owu ní Owa Kájọlà, ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, ń já láti nǹkan bí 120 mítà. Ní oṣù kẹta, omi rẹ̀ á tín-ín-rín. Ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, ẹ máa gbọ́ ariwo rẹ̀ kí ẹ tó rí i, ìkùukùu omi á sì ti rin aṣọ yín kí ẹ tó sún mọ́ ọn. Òfin ààbò tí a sọ lókè dúró níbẹ̀ náà: ẹ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí, ẹ lọ láàárọ̀ lọ́pọ̀ èèyàn, ẹ kí àwọn àgbà abúlé kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀, ẹ gba ọmọ ìbílẹ̀ kan tó máa mú yín lọ. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín ni kí ẹ wọ̀. Òkúta tó ní ewédò ń yọ̀ ju ọṣẹ lọ, lórí rẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti sábà máa ń rọ́. Ẹ má wẹ̀ nísàlẹ̀ ibi tí omi ti ń já. Igi àti òkúta máa ń bá omi òjò wá láti òkè láìròtẹ́lẹ̀. Bí omi bá ṣàdédé pọ́n, tàbí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ewé àti igi wẹ́wẹ́ kọjá, òjò ti rọ̀ lókè nìyẹn, ẹ gòkè lójú ẹsẹ̀.

Ọkọ̀

Jíìpù tó ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà ni ọkọ̀ igbó. Ọkọ̀ kékeré lè dé Ìgbẹ́tì, ó lè dé Ìgbòho àti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, àmọ́ ibẹ̀ ni kó dúró sí. Ẹ bá àwọn ẹ̀ṣọ́ ṣètò ìyókù ọ̀nà. Ẹ sùn sí ìlú tó sún mọ́ igbó mọ́jú ọjọ́ náà, torí ẹni tó gbéra láti Ìlọrin láàárọ̀ kò lè bá ẹran létí omi ní agogo mẹ́fà ààbọ̀. Tí ẹ bá sùn sí Ìgbẹ́tì tí àyè sì kù lọ́sàn-án, òkè Ìyámọ̀pó wà níbẹ̀ fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le.

Táyà àpọ́jù méjì ni kí ẹ gbé, kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ gbé jáàkì, pákó fífẹ̀ kan tí ẹ máa tẹ́ sábẹ́ jáàkì kó má bàa rì sínú iyanrìn, ṣọ́bìrì, okùn ìfàkọ̀, pọ́ńpù tó ń lo bátìrì ọkọ̀, àti epo lítà ogún nínú kẹ́ẹ̀gì irin. Kẹ́ẹ̀gì oníke ń wú nínú ooru, ó sì ń jò.

Bí ọkọ̀ bá rì, ẹ má tẹ iná mọ́ ọn. Bí táyà bá ṣe ń yí lójú kan, bẹ́ẹ̀ ló ń gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀. Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ wa ẹrẹ̀ tàbí iyanrìn iwájú táyà kúrò, ẹ tẹ́ ẹ̀ka igi tó ti kú síbẹ̀, ẹ tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀ láti bí 32 sí 20 lórí géèjì, kí ẹ rọra fi jíà kìn-ín-ní jáde. Ẹ tún fẹ́ ẹ padà kí ẹ tó sáré lórí ọ̀dà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ táyà á gbóná, á bẹ́.

Omi tó gba ojú ọ̀nà kọjá: bó bá ń ṣàn, tó sì kọjá orúnkún, ẹ dúró. Ọ̀pọ̀ odò kékeré inú igbó máa ń fà láàárín wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí òjò bá dá.

Ohun kan tún wà tí àwọn awakọ̀ ìlú kì í mọ̀. Nínú oṣù kọkànlá àti ìkejìlá, èso koríko gbígbẹ máa ń dí ojú rádíétọ̀, ẹ́ńjìnnì á sì gbóná. Koríko náà tún ń ká jọ lábẹ́ ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàlẹ́ńsà tó gbóná, ó sì lè gbiná. Ní ìdajì wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá ń la koríko kọjá, ẹ dúró, ẹ bojú wo abẹ́ ọkọ̀, ẹ fi igi ha á kúrò. Ẹ má gbé ọkọ̀ sórí koríko gbígbẹ tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná.

Aṣọ, oúnjẹ àti kòkòrò

Aṣọ tó jọ àwọ̀ ilẹ̀ ni kí ẹ wọ̀: bráùn, eérú, ewé tó ti rọ. Ẹ yàgò fún búlúù àti dúdú, torí àwọ̀ méjèèjì ló ń fa eṣinṣin tsetse mọ́ra, títa rẹ̀ sì dùn wọnú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ má wọ aṣọ tó jọ ti sójà láé. Òfin kọ̀ ọ́ fún aráàlú, nínú igbó tí ẹ̀ṣọ́ ti ń wá agbébọn ó sì lè gba ẹ̀mí yín. Dúróònù náà, ẹ fi sílé àfi bí ẹ bá ní ìwé àṣẹ.

Gàrí, kúlíkúlì, dànkùwà, ẹyin sísè àti búrẹ́dì ló ń pẹ́ láìbàjẹ́. Wàrà tútù kì í rí ọ̀sán oṣù kẹta kó má kan. Ẹ dín in gbẹ dáadáa bí ẹ bá máa mú un dání, ẹ jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ náà. Ọ̀rá àti awọ oúnjẹ, ẹ kó gbogbo rẹ̀ padà wálé. Ọ̀bọ tó bá ti tọ́ búrẹ́dì wò á bẹ̀rẹ̀ sí í já a gbà lọ́wọ́ àlejò tó kàn. Ẹ má sì ra ẹran ìgbẹ́ lójú ọ̀nà, nítorí ohun tí ẹ wá wò láàyè nínú igbó ni wọ́n pa síta yẹn.

Oyin ń wá omi kiri nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á bà lé aṣọ ìnujú tó tutù àti òógùn ara. Ẹ má gbá wọn. Bí wọ́n bá tú lé yín, ẹ fi aṣọ bo ojú kí ẹ sá wọnú ọkọ̀, ẹ ti fèrèsé. Ìjàlọ tiwọn, ìgbà òjò ni; ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ilẹ̀ kí ẹ tó tẹ́ ẹní. Ẹ gbọn bàtà láràárọ̀ nítorí àkeekèé. Ẹ sùn sábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn ní gbogbo oṣù, kí ẹ bá dókítà tàbí apòògùn sọ̀rọ̀ ṣáájú nípa oògùn ìdènà ibà.

Paramọ́lẹ̀ kì í sá fún ẹsẹ̀ èèyàn; ó máa ń dúró gbọnrangandan ni, àwọ̀ rẹ̀ sì bá ewé gbígbẹ mu. Bàtà tó bo kókósẹ̀ àti tọ́ọ̀ṣì lálẹ́ ló ń gba èèyàn. Bó bá ṣẹlẹ̀ pé ejò bu ẹnì kan jẹ, ẹ má sín gbẹ́rẹ́ sí i, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má fi okùn dì í típẹ́típẹ́. Ẹ bọ́ òrùka àti bàtà kúrò níbẹ̀ kó tó wú, ẹ fi igi ti ẹsẹ̀ náà kó má mì, ẹ gbé e. Kó má fi ẹsẹ̀ rìn. Ẹnì kan kó máa pe ilé ìwòsàn níwájú láti mọ ibi tí oògùn oró ejò wà kí ẹ tó yan ọ̀nà. Ẹ wá ìdáhùn ìbéèrè yìí kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé, torí nẹ́tíwọọ̀kì máa ń já nínú igbó.

Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ wo abíyá, ẹ̀yìn orúnkún àti ẹ̀yìn etí àwọn ọmọ fún eégbọn. Ẹ fi ẹ̀mú mú un súnmọ́ awọ ara gan-an, ẹ fà á ṣánṣán láìyí i. Bí ibà bá mú ẹnikẹ́ni láàárín oṣù kan, ẹ sọ fún dókítà pé inú igbó lẹ ti dé àti oṣù tí ẹ lọ.